Omi Tí Kò Hó Nílé Ọdẹ́rìnlọ

"Ìgbà wo lẹ dé, bàbá?"

Fọláwẹ̀ ni ó bèèrè. Ìyàwó tuntun ni ní agbo ilé Olúọdẹ ní Ìdí-Ìyeyè, ọ̀nà jíjìn létí òkun ni wọ́n sì ti fẹ́ ẹ wá, láàárín àwọn apẹja tí kò mọ bí ìbọn ti ń dún. Kò ní ohun burúkú lọ́kàn. Láti ìgbà tí ó ti wọlé ni ó ti ń rí bàbá arúgbó yìí tí ń rìn káàkiri àgbàlá, kò sì tíì rí i kí ó jókòó rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ yìí, nígbà tí gbogbo agbo ilé kó ara wọn jọ sábẹ́ igi odán tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, bàbá náà wá dúró tì wọ́n, Fọláwẹ̀ sì bi í bí gbogbo ènìyàn ti ń bi àgbàlagbà tí ó jọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn dé.

Bí ó ti sọ ọ́ tán, gbogbo ọwọ́ dúró. Ìyá ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́ ilẹ̀. Gbéléyí, ẹgbẹ́ bàbá náà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, sáré ju obì sẹ́nu kí ó má baà sọ̀rọ̀. Bàbá náà fúnra rẹ̀ la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

Ọdẹ́rìnlọ ni wọ́n ń pè é, ọdẹ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti igi odán. Ó sún okùn àpò rẹ̀ kúrò níbi tí ó ti ń gé e léjìká. Ní ọ̀ọ́kán, níwájú ilé rẹ̀, ìkòkò omi kan wà lórí ààrò, oru ń rú lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì pariwo.

"Ìyàwó," ó ní, "ìbéèrè tí o bi mí yìí, mo ti gbé e la igbó ńlá kọjá. Mo bi iwin, mo bi ará ìlú tí ẹsẹ̀ yín kò ní tẹ̀ láéláé, mo bi òyìnbó. Bí o bá ní sùúrù, màá sọ ibi tí mo bá a dé fún ọ."

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," Gbéléyí wí pẹ̀lú obì lẹ́nu.

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀? Ìwọ tí o sá fún ọ̀kẹ́rẹ́ lójú àna rẹ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọwọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí. Ọdẹ́rìnlọ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wo ìkòkò rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Ó ní ìyàwó kan nígbà náà, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọdẹ Ìdí-Ìyeyè kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ bí ó bá ti igbó dé. Obìnrin ilé rẹ̀ ni í gbà á. Ọdẹ́rìnlọ a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a wúkọ́, Àwẹ̀ró a jáde, a kúnlẹ̀, a gba ohun tí ó wà lọ́wọ́ àti lára rẹ̀, a gbé omi tútù fún un, a ní, "Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi." Ìgbà náà ni ojú Ọdẹ́rìnlọ máa ń ríran nínú ilé. Kí ó tó di ìgbà náà, igbó ni ó ṣì ń rí: ó lè wo àga kí ó rò pé àgbọ̀nrín ni.

Ìgbà kan wá, ó tọ ẹfọ̀n kan lẹ́sẹ̀ títí ó fi pẹ́ jù. Ó padà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Kò sí ẹni tí ó jáde. Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wọn wà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ilẹ̀ sàréè Àwẹ̀ró mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n sáré dì mọ́ ọn. "Ẹ kú ọ̀fọ̀," ni wọ́n ń wí. "Ẹ kú àmúmọ́ra." Bí ẹni kan ti ń fi í sílẹ̀ ni ẹlòmíràn ń dì í mú, títí ilẹ̀ fi ṣú tí kálukú wọn bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ò ti parí mọ́ lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ó gbé omi kaná, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gbóná, oru rú lára rẹ̀, kò sì hó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Àwẹ̀ró fi sí àjà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó dúró síbi tí ara rẹ̀ kò ti dúdú tí kò sì pupa. Ẹ̀gún tí ó gún un ní gìgísẹ̀ ń jinná, kò jinná. Bí ó bá dùbúlẹ̀, oorun a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ, a sì gbé e dúró sójú ọ̀nà bí awakọ̀ tí epo tán fún. Èyí tí ó dùn ún jù ni ti ẹkún. Omijé dé ojú rẹ̀ ní ọjọ́ ìsìnkú, ó dúró síbẹ̀, kò wá sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò lè sunkún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," Ọdẹ́rìnlọ wí fún àwọn tí ń bó ẹ̀gúsí. "Ẹfọ̀n kò bà mí lẹ́rù rí. Mo ti di ìwo ẹkùn mú rí."

"Ẹkùn kò ní ìwo," Gbéléyí wí.

"Èyí tí mo dì mú ní ìwo! Ṣùgbọ́n ilé tí ohun gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀ tí ohun kan kì í parí, ó bà mí lẹ́rù. Mo gbé ìbọn, mo ní ibi yòówù tí wọ́n bá ń tọ́jú òpin nǹkan sí, màá lọ bù wá."

Báyìí ni ó ṣe padà wọ igbó. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò sí ẹni tí yóò dágbére fún.

Iwin kan jókòó sí ẹnu igbó náà, ojú rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ wo ènìyàn, ńṣe ni yóò na ọwọ́ sí i bí ẹni tí ń tọrọ nǹkan. Ó na ọwọ́ sí Ọdẹ́rìnlọ, ojú inú ọwọ́ náà ṣẹ́ pẹ́.

"Ọdẹ, kí ni ó wà láàárín òjò tí ń dá àti òjò tí ó ti dá? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, màá gbé ọ mì."

Ọdẹ́rìnlọ ronú. Ó rántí bí òun àti Àwẹ̀ró ti máa ń dúró lábẹ́ ahéré bí òjò bá mú wọn lóko, tí òun á ní òjò ti dá, tí Àwẹ̀ró á ní kò tíì dá.

"Ẹni méjì tí ń jiyàn ni," ó ní.

Iwin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Máa lọ. Ìlú méjì wà níwájú. Bí o kò bá rí òpin níbẹ̀, bi òyìnbó tí ń gbin òdòdó." Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i bí ó ti ń kọjá. "Ìrìn rẹ wúwo o, ọdẹ." Ọdẹ́rìnlọ rò pé ìbànújẹ́ ni ó ń sọ.

Ìlú àkọ́kọ́ ni Ń-ṣe-lọ. Kí Ọdẹ́rìnlọ tó wọ ibẹ̀ ni ó ti rí adẹ́mu kan lókè, ẹsẹ̀ sókè, orí sílẹ̀, láàárín imọ̀ ọ̀pẹ àti ilẹ̀.

"Yéè! Ẹ ń já bọ́!" Ọdẹ́rìnlọ kígbe.

"Bẹ́ẹ̀ ni," adẹ́mu náà dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ kú ìrìn o. Bàbá mi náà ń já bọ́ lára ọ̀pẹ tí ó wà lẹ́yìn yẹn. Ẹ bá mi kí i bí ẹ bá kọjá níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú náà rí. Ìyàwó ń lọ ilé ọkọ láti ayé ìyá ìyá àwọn tí ń sìn ín lọ, orin kò sì tán lẹ́nu wọn. Ilé ń wó, àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ ń jẹun. Inú yàrá kan, arúgbó kan ń kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó yí i ká, wọ́n ń bá a ṣeré, wọ́n ń fún un lẹ́kọ mu, kò sì sí ìbẹ̀rù lójú ẹnikẹ́ni. Ọdẹ́rìnlọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà pẹ́. Ó ń rò ó pé ká ní ibí yìí ni òun ti fẹ́ Àwẹ̀ró ni, òun ì bá bá a lórí ẹní, òun ì bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ gbé e wá," arúgbó tí ń kú náà wí, bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tí ó ń rò. "Ààyè wà lórí ẹní mi."

"Ó ti kú, bàbá."

Wọ́n wo ojú ara wọn. Wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Ọmọ kan bèèrè pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, Ọdẹ́rìnlọ kò sì lè sọ ọ́ fún un. Láàárín gbogbo èrò yẹn, òun nìkan ni ó ní òkú.

Ó fẹ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń jáde ní Ń-ṣe-lọ kì í jáde tán: bí ó ti ń rìn tó ni odi ìlú ṣì wà níwájú rẹ̀.

"Ta nínú yín ni ì bá mọ ohun tí yóò ṣe?" Ọdẹ́rìnlọ bi àwọn tí ń gbọ́. Ó dúró kí wọ́n wò ó dáadáa. "Mo kẹ̀yìn sí odi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú. Ẹni tí ń wọ̀ ọ́ náà kò lè wọ̀ ọ́ tán, àbí? Bí mo ti ń wọlé, tí n kò wọlé tán, mo bojú wò, mo bá ara mi níta!"

"Irọ́!" Gbéléyí pariwo, ṣùgbọ́n ó ti gbé obì kúrò lẹ́nu kí ó lè gbọ́ dáadáa.

Ìlú kejì ni Ó-ti-tán. Níbẹ̀, òpin pọ̀ bí iyanrìn, ìrìn tí í dé ibẹ̀ ni kò sí. Omi tutù, omi hó: kò sí gbígbóná láàárín. Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó sì ti di arúgbó onírùngbọ̀n, kò sí ẹni tí ó rí i kí ó dàgbà. Inú Ọdẹ́rìnlọ kọ́kọ́ dùn. Ó wọ ilé ọkùnrin kan tí ń jẹ iyán.

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó ti kú," ọkùnrin náà wí láìwo ojú ẹni tí ó bi í, ó sì bu òkèlè. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ìlẹ̀kùn ti tì.

"Ó ti pẹ́?"

"Kí ni ó ń jẹ́ pípẹ́?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ba Ọdẹ́rìnlọ. Wọn kì í retí ẹnikẹ́ni ní Ó-ti-tán. Àárò kò sọ wọ́n, nítorí wọn kò mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni ń lọ, wọ́n kàn mọ̀ pé kò sí mọ́ ni. Ó ń rìn ní òpópónà, ojú kan kò sì wò ó, nítorí wọn kì í rí ohun tí kò bá tíì parí. Kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí, àní ní àárín igbó. Ó gbìyànjú láti fọwọ́ kan obìnrin kan kí ó lè mọ̀ pé òun wà láàyè. Obìnrin náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni.

Ó dúró díẹ̀ kí ó sinmi. Dídúró náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á: bí ó ti dúró, wọ́n rí i. "Àlejò!" ni wọ́n ké, wọ́n sì ti kó ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sínú okùn. Bí ọba wọn bá la ẹnu lé e lórí, ó ti kú nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀ láàárín. Ọdẹ́rìnlọ wá fi ìjálá bọ ẹnu. Ó ń sun ún lọ, kò jẹ́ kí ó parí. Bí ó bá fẹ́ dé ìdúró, a tún ṣẹ́rí rẹ̀ síbòmíràn. Níwọ̀n bí ìjálá náà kò ti parí, àwọn ará ìlú kò gbọ́ ọ, wọn kò sì rí ẹni tí ń sun ún mọ́. Okùn náà yọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò dì í rí. Oríkì Àwẹ̀ró ni ó ń sun. Ó sun ún jáde ní ẹnubodè, ohùn rẹ̀ ti há. Kò tíì parí rẹ̀ títí di òní.

Fọláwẹ̀ kò bó ẹ̀gúsí mọ́.

Ibi tí òyìnbó wà tutù, eérú funfun kan tí kì í ṣe eérú ń já bọ́ láti òkè. Ará Jámánì ni bàbá náà, Wẹ́ndẹ́lì ni orúkọ rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn wọ ilẹ̀, ó ti ta gbòǹgbò. Ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí ó kọ́ ọ lẹ́nu ẹyẹ. Òdòdó ni ó kún iwájú ilé rẹ̀, nínú ìkòkò amọ̀.

"Ẹ káalẹ́, bàbá," Ọdẹ́rìnlọ kí i. "Mo ń wá òpin."

"Òpin kò nìkan wà," Wẹ́ndẹ́lì dáhùn. Ó nawọ́ sí òdòdó kan tí ó là rekete. "Èyí ń ṣe *blühen*. Ó wà nínú ẹwà rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀." Ó fọwọ́ kan èyí tí ń là. "Èyí ń ṣe *erblühen*. Mo fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣáájú rẹ̀, ìlẹ̀kùn ṣí." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ èyí tí ó ti ń rọ. "*Verblühen*. Mo fi ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn ṣáájú rẹ̀, ìlẹ̀kùn tì. Òdòdó kan náà ni. Ìlẹ̀kùn ni ó yàtọ̀."

Ọdẹ́rìnlọ pe ọ̀rọ̀ náà bí Wẹ́ndẹ́lì ti pè é, ní abẹ́ igi odán, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ Fọláwẹ̀ ní ó dà bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ó ní. "Òyìnbó yẹn kò rẹ́rìn-ín." Ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

Wẹ́ndẹ́lì ní kí ó jókòó. Ọdẹ́rìnlọ ní òun kò lè jókòó, òun kò mọ ìdí rẹ̀. Òyìnbó jókòó, ọdẹ dúró, iná wà láàárín wọn, omi tí kò hó wà lórí iná. Ọdẹ ròyìn omi ilé rẹ̀ àti ẹkún tí kò wá sílẹ̀ fún un.

"Ní ìlú wa," Wẹ́ndẹ́lì wí, "ẹni tí ó sùn ní gbogbo òru, bí ó bá ń ròyìn rẹ̀, a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ó *ní* oorun náà, bí ẹni ní ewúrẹ́. Ó ní in, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí oorun gbé lọ, ẹni tí ó jí, ẹni tí ó kú, ẹni tí ó dé, a kì í ní ó ní nǹkan kan. Òun fúnra rẹ̀ *ni*. Ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bà lé. Wí tẹ̀lé mi: *Ich bin angekommen*. Èmi rèé, mo ti dé."

Ọdẹ́rìnlọ ṣí ẹnu. "*Ich bin*," ó ní. Kò lè wí ìyókù. Ó gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá: "Mo ti..." Kò jáde. Òógùn bò ó nínú òtútù náà.

"O kò tíì dé ilé rẹ láti ọjọ́ tí o ti padà," Wẹ́ndẹ́lì wí. "Ìdí nìyẹn tí omi rẹ kò fi hó. Ohun kan ṣì wà lára rẹ tí kò jẹ́ kí o dé. Wo ara rẹ."

Ọdẹ́rìnlọ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀. Ó tú ẹ̀wù, ó wo àyà. Ó sún okùn àpò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè wo èjìká, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ojú ibi tí okùn ti gé e.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi, bàbá."

"N kò mọ àṣà ilé yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹnìkan kì í dé sọ́dọ̀ ara rẹ̀." Òyìnbó náà fi ọwọ́ nu eérú funfun kúrò lára òdòdó tí ó rọ. "Èmi náà kò lè wí i nípa ara mi. Àwọn tí ó mọ bí mo ṣe ń kanlẹ̀kùn, gbogbo wọn ti lọ. Bí mo bá padà lónìí, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Nígbà tí Ọdẹ́rìnlọ gbéra, Wẹ́ndẹ́lì kò lè sìn ín sọ́nà, nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ ti di gbòǹgbò. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè ni, ó sì gbé e sókè bẹ́ẹ̀ títí igi fi bò ó lójú.

"Mo padà síbí," Ọdẹ́rìnlọ wí. "Ẹ̀yin kan sá fún mi, ẹ rò pé òkú ni. Ẹ̀yin kan ní mo tún fẹ́ jáde. Mo wà níbí, n kò sì tíì dé. Ìyàwó, ibi tí mo bá ìbéèrè rẹ dé nìyẹn."

Gbéléyí ni kò lè fara dà á.

"Kí wá ni òyìnbó yẹn rí? Ẹ jẹ́ ká wò ó!" Gbogbo wọn wo bàbá náà láti orí dé ẹsẹ̀. "Imú rẹ ni, ó tóbi jù."

"Bóyá ewú ni," ìyá kan wí.

Fọláwẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí itan, ó dìde.

"Ẹ foríjì mí, bàbá," ó ní. "Ìyá mi kọ́ mi pé bí àgbà bá dúró tòun tẹrù, kí n kọ́kọ́ gbẹrù kí n tó béèrè ọ̀rọ̀. Èmi ni mo ṣe é sódì."

Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí àpò tí ó wà léjìká bàbá náà.

"Yéè!" ìyá ọkọ rẹ̀ ké. "Má fọwọ́ kàn án! Àpò ọdẹ ni! Obìnrin ilé rẹ̀ nìkan ni í..."

Ó dúró sínú ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ àpò náà. Wọ́n ti rí i títí ojú wọn fi ṣíwọ́ rírí i, bí ènìyàn ti í ṣíwọ́ rírí iké lẹ́yìn ẹni tí ó mọ̀ tipẹ́.

"Nígbà tí ẹ fi omi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé yìí," Fọláwẹ̀ bèèrè, "ìyàwó ta lẹ ní mo jẹ́? Ṣé ti ẹnìkan ni? Àbí kì í ṣe gbogbo yín lẹ ń pè mí ní ìyàwó? Bàbá gan-an pè mí bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí."

Ọdẹ́rìnlọ rọra tẹ èjìká sílẹ̀. Okùn náà ti wọ inú ẹran ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Fọláwẹ̀ fi ní láti fi ìka yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba àpò náà, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi odán.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá."

Èjìká bàbá náà dìde fúnra rẹ̀, bí ẹ̀ka tí ẹyẹ fò kúrò lórí rẹ̀. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi odán, ó wo ilé rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tí kò rí i rí, omi tí ó ti wà lójú rẹ̀ láti ìgbà sàréè Àwẹ̀ró sì ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, sórí èèpo ẹ̀gúsí. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó dákẹ́.

"Ọdẹ," Gbéléyí wí, ohùn rẹ̀ kò le mọ́, "omi rẹ ń hó."

Ìdérí ìkòkò náà ń gbọ̀n lórí ààrò, omi ń ru jáde, iná ń ṣe ṣáá. Ọdẹ́rìnlọ nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí ọmọbìnrin tí ó ṣì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìsinsìnyí, ìyàwó," ó ní. "Ìsinsìnyí ni mo dé."